Kẹ́hìndé Ni Ẹ̀gbọ́n: Ohun Tí Kọ́nà Inú Géèmù Fẹ́ Kọ́ Ẹ̀ka Wa

Ẹni tó bá ti gbé Igbó-Ọrà rí kò nílò àlàyé pé ẹni tó kọ́kọ́ jáde kọ́ ni ẹ̀gbọ́n. Táíwò ló ń ṣíwájú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Kẹ́hìndé ló ní kó lọ tọ́ ayé wò, kó sì fi igbe ránṣẹ́ padà bí ibẹ̀ bá ṣe é gbé. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pe Kẹ́hìndé ní Ọmọkẹ́hìndégbẹ̀gbọ́n. Èrò mi nínú àpilẹ̀kọ yìí kò jìnnà sí ìyẹn: ọmọ tó bá mọ ọ̀rọ̀ Táíwò àti Kẹ́hìndé ti mọ ohun tó le jù nínú géèmù ìwakọ̀. Èdè tí wọ́n fi ń kọ́ ọ ni kò jẹ́ kó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Àwa tí a ń kọ́ nípa èdè sì ní tiwa láti ṣe sí i.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín. Géèmù kẹ̀? Nínú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè? Ẹ ní sùúrù fún mi, ọ̀rọ̀ fáwẹ̀lì ṣì ń bọ̀.

Nígbà tí yunifásítì wà ní títì fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, ilé ni mo wà ní Igbó-Ọrà. Àbúrò mi ọkùnrin ń bá ẹnì kan mójú tó ṣọ́ọ̀bù géèmù: tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, PlayStation 2 méjì, PlayStation 3 kan, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ariwo rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Bọ́ọ̀lù ni gbogbo wọn ń gbá láàárọ̀. Lọ́sàn-án, tí ìjà bọ́ọ̀lù bá ti sú wọn, wọ́n á gbé Gran Turismo 4 sí i, wọ́n á máa wa mọ́tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí pápá kan náà, ẹni tí àkókò rẹ̀ bá pẹ́ jù ni yóò san owó gbogbo wọn. Èmi tí wọ́n ń pè ní àǹtí ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé. Inú ìwé àádọ́jọ náírà kan ni mo ń kọ àkókò wọn sí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé kì í ṣe ẹni tó láyà jù ló ń borí. Ẹni tó mọ ohun tí yóò ṣe sí kọ́nà tó so mọ́ kọ́nà ni.

Kọ́nà kan ṣoṣo kì í ṣe ìṣòro. Ọmọ tó bá ti di páàdì mú fún ọjọ́ méjì ti mọ̀ ọ́n. Ẹ ó wá láti etí títì lápá ìta. Ẹ ó tẹ búrẹ́kì nígbà tí mọ́tò ṣì dojú kọ iwájú gan-an. Ẹ ó yí i wọlé títí imú rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí títì lápá inú. Ẹ ó wá tẹ iná, ẹ ó sì jẹ́ kí mọ́tò fúnra rẹ̀ gbé yín padà sí etí ìta. Ibi tí imú mọ́tò ti súnmọ́ etí inú jù yẹn ni n ó máa pè ní góńgó. Ọ̀nà gígùn tó tẹ́ lọ tààrà lẹ́yìn kọ́nà, n ó máa pè é ní gbọọrọ. Ibi tí táyà gbà kọjá látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ipa ni n ó pè é.

Kí ló dé tí ìta sí inú sí ìta fi ń yá ju kéèyàn rọ̀ mọ́ etí inú lọ? Torí pé ó ń sọ kọ́nà di fífẹ̀ ni. Ẹ fojú inú wo kọ́nà bí apá kan lára òbírí ńlá. Bí àárín òbírí náà sí etí rẹ̀ bá jẹ́ mítà 20, táyà tó di ilẹ̀ mú dáadáa lè gba nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí kan kó tó yọ̀. Bó bá jẹ́ mítà 80, ó lè gba nǹkan bíi 100. Ìfẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, eré di ìlọ́po méjì. Nítorí náà ni awakọ̀ eré fi ń lo gbogbo ìbú títì: ó ń wá òbírí tó tóbi jù tó lè wọ inú kọ́nà kékeré.

Ìyọnu bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kọ́nà bá di méjì láìsí àyè láàárín wọn. Ẹ jẹ́ ká ní àkọ́kọ́ yà sí òsì, èkejì sì yà sí ọ̀tún. Bí ẹ bá wa ti òsì bí ẹni pé òun nìkan ló wà, yóò gbé yín jù sí etí ọ̀tún nígbà tó bá parí. Bẹ́ẹ̀, etí ọ̀tún yẹn gan-an ni inú kọ́nà kejì, etí òsì ló sì yẹ kí ẹ ti wọ̀ ọ́. Ẹ ti dé ibi tí kò yẹ, pẹ̀lú eré tí kò yẹ. Ohun tó kù ni kí ẹ tẹ búrẹ́kì láàárín kọ́nà, kí ẹ máa fa mọ́tò yí bí ẹni fa màlúù, kí ẹ sì bọ́ sí gbọọrọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù. Kọ́nà kìíní dùn mọ́ yín, kọ́nà kejì fìyà jẹ yín, gbọọrọ wá gba owó ìtanràn.

Ohun tó yẹ ni pé kí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fi nǹkan sílẹ̀ nínú kọ́nà àkọ́kọ́. Ẹ tẹ búrẹ́kì díẹ̀ sí i. Ẹ pẹ́ díẹ̀ kí ẹ tó yí i, kí góńgó rẹ̀ lè wà lẹ́yìn àárín kọ́nà, lápá ibi tó ti ń parí lọ. Nígbà tí mọ́tò bá fẹ́ sá lọ sí ọ̀tún, ẹ má gbà fún un. Ẹ mú un mọ́ etí òsì. Yóò dà bíi pé ẹ ń lọ́ra, ara yín á máa yún yín láti tẹ iná. Ẹ mú sùúrù. Láti etí òsì yẹn, kọ́nà ọ̀tún yóò ṣí sílẹ̀ níwájú yín bí ilẹ̀kùn. Ẹ ó lè tẹ iná kí ẹ tó kan góńgó rẹ̀, ẹ kò sì ní gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀ mọ́ títí gbọọrọ yóò fi tán.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀, kó má baà dà bí ìtàn lásán. Ká ní kọ́nà àkọ́kọ́ gùn ní mítà 50. Ẹni tó bá fi kìlómítà 90 ní wákàtí kan gbà á kọjá yóò lo sẹ́kọ́ńdì 2. Ẹni tó bá rọra fi 80 gbà á yóò lo sẹ́kọ́ńdì 2.25. Ó ti pàdánù ìdá mẹ́rin sẹ́kọ́ńdì kan. Ṣùgbọ́n torí pé ó rọra, ó jáde sí gbọọrọ pẹ̀lú 100, nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú 90. Ká ní gbọọrọ náà jẹ́ mítà 600, tí mọ́tò méjèèjì sì ń fi kún eré bákan náà, mítà 3 ní sẹ́kọ́ńdì kan fún sẹ́kọ́ńdì kọ̀ọ̀kan. Ẹni àkọ́kọ́ yóò lo nǹkan bíi sẹ́kọ́ńdì 13.33, ẹnì kejì yóò lo nǹkan bíi 12.78. Èrè rẹ̀ lé ní ìdajì sẹ́kọ́ńdì. Yọ ìdá mẹ́rin tó ti pàdánù kúrò, ó ṣì fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta sẹ́kọ́ńdì kan ṣáájú, nínú kọ́nà méjì péré. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: kọ́nà kúrú, gbọọrọ gùn. Eré tí ẹ bá gbé jáde nínú kọ́nà ìkẹyìn, gbogbo gbọọrọ ni ẹ ó fi máa jẹ èrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun àṣírí. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù wa ti wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n mọ "apex", wọ́n mọ "exit", wọ́n lè pè é ketekete. Àmọ́ tí wọ́n bá dé ibi kọ́nà méjì, ẹsẹ̀ wọn á tún sáré wọ àkọ́kọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, wọn kò ní ìdí rẹ̀ lọ́kàn.

Lọ́jọ́ kan, mo gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, mo ya kọ́nà méjèèjì sínú ìwé mi. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí wọ́n ti ní kó tún kíláàsì kan ṣe, tí ìbejì rẹ̀ sì ti kọjá sí kíláàsì tó kàn. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n ti gbà pé kò mọ nǹkan kan. Ó wo àwòrán mi títí, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ̀ ń sọ pé kọ́nà àkọ́kọ́ yìí, wọ́n kàn rán an níṣẹ́ ni? Bíi tèmi?" Táíwò ni òun alára. Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò tíì tán tí ọmọ náà fi gba páàdì. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti yọ sẹ́kọ́ńdì kan àti ààbọ̀ kúrò nínú àkókò rẹ̀ ní Suzuka. Ọ̀la rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn tó jù ú lọ.

Láti ìgbà náà ni orúkọ ti yí padà ní ṣọ́ọ̀bù. Kọ́nà méjì tó so pọ̀ di kọ́nà ìbejì. Àkọ́kọ́ di Táíwò, èkejì di Kẹ́hìndé. Tí wọ́n bá yà sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, ìbejì tó jọra ni wọ́n. Tí ọ̀kan bá yà sí òsì tí èkejì yà sí ọ̀tún, ìbejì tí kò jọra ni. Tí kọ́nà kẹta bá tún wà lẹ́yìn wọn, Ìdòwú ni, gbogbo wa sì mọ irú ọmọ tí Ìdòwú jẹ́. Ẹni tó bá sáré jù wọ Táíwò, ariwo tí wọ́n ń pa mọ́ ọn ni pé, "O ti ná owó Kẹ́hìndé!" Èmi kọ́ ni mo dá ọ̀kankan nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sílẹ̀. Akọ̀wé ni mí.

Ẹ wo bí àwọn ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. "Kọ́nà kìíní" kò sọ ohunkóhun fún ọmọ ju pé òun ló kọ́kọ́ dé. Bí ẹ bá pè é ní Táíwò, ẹ ti sọ ohun tí yóò ṣe: kó lọ, kó wò, kó má jẹ gbogbo ayé tán kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dé. Orúkọ náà ni ẹ̀kọ́ náà.

Suzuka tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan dára láti fi dán an wò. Ilẹ̀ Japan ló wà. John Hugenholtz, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló yà á, ọdún 1962 ni wọ́n ṣí i, gígùn rẹ̀ lónìí sì jẹ́ kìlómítà 5.807. Lẹ́yìn kọ́nà méjì àkọ́kọ́, ẹ ó kan òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, wọ́n so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni kọ́nà òsì gígùn kan tó ń gun òkè, tí wọ́n ń pè ní Dunlop. Níbẹ̀, ìbejì nìkan kọ́ ni ìyá bí. Ìdòwú wà, Àlàbá wà. Ọmọ tó bá fi eré wọ Táíwò, ó lè yọ nínú Kẹ́hìndé, àmọ́ Ìdòwú yóò mú un, Àlàbá yóò sì gbé e sínú koríko. Àṣìṣe tí ẹ ṣe nínú kọ́nà àkọ́kọ́ ń pọ̀ sí i bó ṣe ń kọjá lọ ni. Nítorí náà, ẹ̀yìn ni a ti ń ka irú kọ́nà bẹ́ẹ̀ wá síwájú. Ẹ bi ara yín pé: ibo ló yẹ kí n wà kí n tó wọ Dunlop? Kí n lè wà níbẹ̀, ibo ló yẹ kí n ti jáde nínú Àlàbá? Báyìí títí ẹ ó fi dé ọ̀dọ̀ Táíwò, tó jẹ́ pé òun ni yóò kẹ́yìn nínú ìrònú yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ kan táyà yín.

Ẹni tó bá ní PlayStation 3 lè rí irú rẹ̀ ní Silverstone, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni Maggotts, Becketts àti Chapel ti so pọ̀, tí Chapel sì ṣí sí gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Hangar Straight. Ẹ lè wọ Maggotts bí ẹyẹ, kò sẹ́ni tí yóò ránti. Bí ẹ bá ṣe jáde ní Chapel ni gbogbo ayé yóò rí.

Mo ní láti sọ ibi tí òwe wa pin sí o, kí ẹ má baà sọ pé mo ń fi ìbejì bo ohun gbogbo. Kì í ṣe pé kọ́nà ìkẹyìn ni ẹ̀gbọ́n nígbà gbogbo. Gbọọrọ ló ń fi ẹni jẹ ẹ̀gbọ́n. Tó bá jẹ́ pé gbọọrọ gígùn ló ṣáájú Táíwò, tí kò sì sí gbọọrọ kankan lẹ́yìn Kẹ́hìndé àfi kọ́nà mìíràn tó le, ẹ má fi eré Táíwò ṣòfò lásán. Ẹ gbé eré tí ẹ kó bọ̀ wọlé bó ti ṣeé ṣe tó. Tí ẹnì kan bá ń lé yín lẹ́yìn, ẹ lè ní láti ṣọ́ etí inú Táíwò kó má baà yọ imú wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ipa náà kò yá. Ìbejì tó jọra, tí wọ́n bá súnmọ́ra gan-an, kọ́nà kan tó ní góńgó méjì ni: ẹ kan inú, ẹ jẹ́ kó ṣí díẹ̀ sí àárín títì, ẹ tún kan inú. Nínú gbogbo rẹ̀, ìbéèrè kan náà la ń bi: níbo ni n ó ti tẹ iná pẹ́ jù láì gbé ẹsẹ̀?

Báwo wá ni èèyàn ṣe ń rí ipa náà lórí pápá tí kò mọ̀ rí? Ọ̀pọ̀ géèmù máa ń kun ilà aláwọ̀ sórí títì pé kí ẹ gba ibẹ̀. Ẹ fi ṣe atọ́nà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì pa á lọ́jọ́ kejì. Ilà náà ń sọ ibi tí ẹ ó gbà, kò ní sọ ìdí, ojú yín kò sì ní kúrò lára rẹ̀ láti wo ìparí kọ́nà. Ohun tí àwọn ọmọ wa ń ṣe dára jù ú lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ rọra wa pápá náà yí po, láìsí eré, kí wọ́n lè mọ ẹni tó jẹ́ Kẹ́hìndé níbẹ̀. Wọ́n á dán Kẹ́hìndé nìkan wò títí wọn yóò fi mọ ibi tó yẹ kí wọ́n ti wọ̀ ọ́. Wọ́n á wá fi àmì sí ibẹ̀: igi kan, pátákó kan, ibi tí àwọ̀ etí títì ti yí padà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù fún Táíwò ni kó gbé wọn dé ibi àmì náà. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí padà lẹ́ẹ̀kan: búrẹ́kì lónìí, góńgó lọ́la. Ìparí gbọọrọ ni wọ́n sì ti ń ka àkókò, kì í ṣe àárín kọ́nà. Inú kọ́nà ni irọ́ wà. Ẹni tó ná owó Kẹ́hìndé máa ń ṣáájú níbẹ̀. Mọ́tò iwin, ìyẹn àwòrán eré yín àná tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, á fi hàn yín: yóò ṣáájú yín nínú Táíwò, ẹ ó sì fi í sílẹ̀ lórí gbọọrọ.

Fáwẹ̀lì rèé o, mo ṣèlérí. Ẹ sọ "gbé odó" ní kíá. "Gbódó" ni yóò jáde. Fáwẹ̀lì méjì pàdé láìsí kọ́ńsónáǹtì láàárín wọn, àkọ́kọ́ yẹ̀ fún èkejì, ohùn òkè rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù. Ìpajẹ ni a ń pè é ní kíláàsì. Ẹnu náà ń wá ipa tó yá jù láàárín ìró tó so mọ́ra, kì í ṣe ìró kọ̀ọ̀kan ló ń pè lọ́tọ̀. Ẹ wá wo "ra ìwé" tó di "ràwé": níbẹ̀, àkọ́kọ́ kò yẹ̀, èkejì ló lọ, torí pé fáwẹ̀lì i kò lágbára tó a. Gẹ́gẹ́ bíi ti gbọọrọ, kì í ṣe ipò nìkan ló ń pinnu ẹni tí yóò yẹ̀. Mo ti fi àfiwé yìí ṣàlàyé ìpajẹ fún ọmọ ọlọ́dún kìíní méjì ní ẹ̀ka wa, wọn kò gbàgbé rẹ̀. Ọ̀nà náà lọ, ó sì ń bọ̀.

Àwọn kan á ní, ṣebí kọ́nà, búrẹ́kì àti páàdì ti wà, kí la tún ń wá? Èmi kò bá kọ́nà jà. Yorùbá ti gbà á, ó ti ní ohùn Yorùbá lórí, kí a fi í sílẹ̀. Kì í ṣe pé kí a lé ọ̀rọ̀ àyálò jáde ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ohun tí mo ń wí ni pé níbi tí ìrònú wà, ọ̀rọ̀ tó gbé ìrònú náà dání ló yẹ kí a fún ọmọ.

Àwọn mìíràn á ní ìbejì kì í ṣe ohun eré. Mo gbà, ará Igbó-Ọrà ni mí. Ìwádìí oníṣègùn Patrick Nylander láàárín 1972 sí 1982 fi hàn pé nínú ìbímọ 1,000 ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ìbejì máa ń tó 45 sí 50, ìlú wa sì wà lára ibi tí gbogbo ayé ti wá ń wò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a bọ̀wọ̀ fún náà la fi ń ronú. Kò sí ẹ̀gàn nínú kí ọmọ Táíwò rí i pé orúkọ òun ní làákàyè nínú.

Ẹni tó bá ní géèmù kò lérè, kó lọ wo ìtàn Jann Mardenborough, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi Gran Turismo gba ipò nínú ìdíje GT Academy ní 2011, tó sì wa mọ́tò gidi ní Le Mans ní 2013. Ṣùgbọ́n n kò ní fi ìyẹn tan ẹnikẹ́ni. Nínú àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù wa, ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má dé Le Mans. Ohun tí wọ́n gbà níbẹ̀ ni pé èèyàn lè fi èdè tí ìyá rẹ̀ ń sọ ronú dé ìdí ohun tó le.

Ọ̀rọ̀ kan ku, kì í sì í ṣe àwàdà. Ipa yìí, inú géèmù àti pápá eré ni kó parí sí. Gbogbo ìbú títì ló ń lò, títì gidi sì ní ẹlòmíràn nínú. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 tí Nàìjíríà ti bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ìdajì òsì títì jẹ́ ti ẹni tó ń bọ̀. Ọlọ́kadà tó bá já kọ́nà láàárín Èrúwà sí Igbó-Ọrà, tó ní òun ń wá góńgó, ilẹ̀ onílẹ̀ ló wà, ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ sì lè wà lódì kejì tí kò rí. Èyí náà wà lára ìdí tí ọ̀rọ̀ fi ṣe pàtàkì: ọmọ tó mọ ìdí tí ipa kan fi yá yóò mọ̀ pé gbogbo títì ló ń ná, yóò sì mọ ibi tí kò ti lówó rẹ̀. Ẹni tó kàn há a sórí kò ní mọ̀.

Kí wá ni mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa ṣe? Àwọn baba wa ti ṣe tiwọn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú ìdìpọ̀ méjì Èdè-Ìperí Yorùbá, tí gbogbo wa ń lò láti kọ iṣẹ́ wa. Lórí ìdìpọ̀ yẹn ni àwa jókòó lé. Nígbà tí a bá fẹ́ ọ̀rọ̀ tuntun, inú yàrá la ti ń dá a sílẹ̀, a ó wá máa bínú pé àwọn èèyàn kò lò ó.

Àbá mi kò wọ́n. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwa tó wà ní ọdún ìkẹyìn lọ sí ibi kan tí wọ́n ti ń ṣe ohun tuntun ní ìlú rẹ̀: ṣọ́ọ̀bù géèmù, ilé àtúnṣe fóònù, ibi tí wọ́n ti ń so sólà. Kó jókòó níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kó má dá ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. Kó kọ èyí tí wọ́n ń sọ, kó sì kọ ìdí tí wọ́n fi ń sọ ọ́. Kí ẹ̀ka gba irú àkójọ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣekágbá, kí a sì máa tẹ̀ ẹ́ jáde níbí lọ́dọọdún.

Ọ̀pọ̀ wa ń sáré báyìí láti parí, kí a gba ìwé ẹ̀rí, kí a lọ. Táíwò nìyẹn. Ohun tí a ó fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ni Kẹ́hìndé, ẹ jẹ́ ká má ná owó rẹ̀.